Ìpéǹpéjú Atìkànga

Mo ti gbé e mì tó. Ẹ̀yin ará ilé ìṣeré wa, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá wo àwọn ọmọlangidi wa, ẹ fetí sí mi, nítorí n kò fẹ́ kí ilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́ mi lẹ́nu. Dókítà ní ọkàn mi ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní, "Dókítà, ohun tí mo kó síbẹ̀ ló pọ̀." Ìpéǹpéjú ọmọlangidi wa Atìkànga tí gbogbo yín ń yìn, tí ẹ sì ń gbé ògo rẹ̀ fún Bàbá Agbẹ́gi, kì í ṣe iṣẹ́ Bàbá Agbẹ́gi. Èmi ni mo ṣe é. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà parí sí, ẹ̀ bá pè é ní ìgbéraga àgbàlagbà, kẹ́ ẹ sì máa lọ. Kò parí síbẹ̀.

Aránṣọ ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé náà. Ẹ̀wù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni mò ń rán, wọ́n sì ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ okùn àti igi, ojú ni mo fi jí i kọ́. Nílé, mo ti tú àgádágodo, mo ti tú aago, mo tilẹ̀ ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ mi fúnra rẹ̀, tí ọkọ mi fi ní, "Ìwọ obìnrin yìí, má tú èmi o, o lè má mọ bí wàá ṣe tò mí padà." Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni bí ohun kékeré ṣe ń gbé ohun ńlá. Ẹ wo ọmọlangidi olókùn: òjé pẹlẹbẹ kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kó tẹ ilẹ̀ bí ènìyàn. Ẹ yọ òjé náà, ẹ ó rí i tí yóò máa fò kiri bí ewé. Ohun tí kò tó ìka ló fi ń di ẹni tó níbi tó ń lọ.

Òfin méjì wà nílé wa tí ẹnì kankan kò kọ sára ògiri. Èkínní, ẹnì kan ṣoṣo ló ń di ọmọlangidi kan mú. Èkejì, a kì í ṣí orí tí agbẹ́gi tó ti kú gbẹ́. A lè kùn ún lọ́dà, a lè pààrọ̀ okùn rẹ̀, ṣùgbọ́n inú orí náà, ti olóògbé ni. Atìkànga sì ni orí tó kẹ́yìn tí Bàbá Agbẹ́gi gbẹ́ kó tó kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń dì í mú. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni a ń pe ọmọ náà, nítorí bó bá gbé ọmọlangidi rìn, o ò ní gbọ́ kí igi kan igi. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ láti kékeré. Bí ẹnìkan bá yìn ín, á ní, "Bàbá mi ni kẹ́ ẹ kí. Kò sóhun tó mọ̀ tí kò fi hàn mí." Ọ̀rọ̀ tó fi ń yan nìyẹn. Òun náà ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ìtàn Atìkànga. Ọ̀dá dá nílùú kan, kànga kan ṣoṣo ló kù, obìnrin kan sì ti ìdérí rẹ̀ pa, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn. Àwọn ará ìlú bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Ẹ kò ní mu nínú omi yìí níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè." Ni wọ́n bá gbé e jù sínú kànga, wọ́n fa omi, wọ́n mu, wọ́n jó. Àwọn ọmọdé á pàtẹ́wọ́, wọ́n á kígbe "Ìkà!" títí ohùn wọn á fi há. Mo ti rán ẹ̀wù obìnrin náà láìmọye ìgbà, ìbéèrè kan kò sì kúrò lọ́kàn mi: kí ló dé tó fi tì í? Kò sẹ́ni tó ń bi í. Bí omi náà bá ti bàjẹ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ òun nìkan ló mọ̀ ńkọ́?

Ní ọ̀sẹ̀ kan tí ibà dá Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dùbúlẹ̀, pẹpẹ já níbi iṣẹ́, Atìkànga forí sọlẹ̀, orí rẹ̀ sì sán láti etí dé etí. Ọ̀gá wa ní, "Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù dì í, kẹ́ ẹ fi ìborí bò ó." Gọ́ọ̀mù nìkan ló ní kí n fi sí i. Ṣùgbọ́n orí náà ti là fúnra rẹ̀ ní ìdajì, ọwọ́ mi sì ni mo fi la ìdajì tó kù. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Nígbà tí mo wo inú rẹ̀, mo gbàgbé láti mí. Ojú ọ̀bẹ Bàbá Agbẹ́gi ṣì wà níbẹ̀ fínnífínní, ó ti gbẹ́ inú náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, kí orí má baà wúwo lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó yẹ kí n pa á dé, kí n sì dúpẹ́ pé mo rí i. Ohun tí mo rí ni àyè.

Mo gé awọ rírọ̀ lára ìbọ̀wọ́ kan, mo fi ṣe ìpéǹpéjú, mo kùn ún bí àwọ̀ ojú rẹ̀. Mo la ojú ihò sábẹ́ egungun ojú, kó lè wọ inú rẹ̀ lọ bó bá ṣí. Mo so ó mọ́ wáyà tó ń yí, mo fi òjé bí ẹyọ ẹ̀wà kan sẹ́yìn rẹ̀. Bí orí bá tẹ̀, òjé á fì, ojú á sì rọra pa dé. Ṣùgbọ́n bó bá ń rìn, ojú náà ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ti ẹni tí eruku wọ̀ lójú. Mo bá fi ìkọ́ kékeré kan há a. Ẹni tó bá dì í mú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí orí náà sósì díẹ̀, kó rọra gbé e sókè, kí ìkọ́ náà tó tú. Mo fi gọ́ọ̀mù di orí náà padà, mo kùn ún, mo rán ìborí tó bo ojú ibi tí mo dì. Aránṣọ ni mí, mo mọ bí a ti ń bo ojú rírán.

Ọ̀gá ní èmi ni kí n dì í mú lọ́sàn-án ọjọ́ eré, nítorí kò sẹ́lòmíì tó mọ ìrìn rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ Atìkànga bí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti ń sọ ọ́, n kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. "Ẹ kò ní mu nínú omi yìí níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè." Mo yí orí rẹ̀ sósì, mo gbé e, mo jẹ́ kó tẹ̀. Ojú rẹ̀ pa dé. Ẹ̀yin ènìyàn, ilé náà dákẹ́ débi tí mo gbọ́ bí okùn ṣe ń ha igi. Ọmọbìnrin kan níwájú ní, "Màámi, kò fẹ́ kí wọ́n kú ni." Ìyá rẹ̀ ní, "Panu mọ́!" ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ náà ti ń gbọ̀n. Wọ́n gbé obìnrin náà jù sínú kànga, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọmọlangidi yòókù wá fa omi, tí wọ́n gbé ife sẹ́nu bí wọ́n ti máa ń ṣe, gbogbo ilé ló dìde tó kígbe: "Ẹ má mu ún! Ẹ má mu ún!" Bàbá arúgbó kan tilẹ̀ ń tiraka láti gun orí pèpéle. Ọ̀rọ̀ kan kò yí padà, orin kan kò yí padà. Awọ ìbọ̀wọ́ àti òjé bí ẹyọ ẹ̀wà ló sọ ìkà di ìyá. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi á bù máṣọ bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn ibi tí kò yẹ kó wọ̀.

Ọ̀gá sáré wá sẹ́yìn aṣọ ìkélé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Agbẹ́gi ló fi pamọ́ sínú rẹ̀, àbí? Abájọ! Àgbà náà mọ ohun tó ń ṣe!" Bí mo bá ní èmi ni, mo ti ṣí orí olóògbé nìyẹn, wọn ò sì ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọlangidi mọ́ láyé mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ara Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ yá, ẹ̀fẹ̀ ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà. "Ọwọ́-Òkúta, káàbọ̀! O dì í mú láti ọjọ́ yìí wá, o ò mọ̀ pé ojú rẹ̀ ń pa dé?" "Bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n ló ṣe bò ó fún un." Ẹ̀yin tí ẹ sọ ọ́, ẹ mọ ara yín, ẹ̀rín lẹ pè é. Òun náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá bá mi nídìí iṣẹ́, ó gbé Atìkànga dání bí ọmọ jòjòló, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ṣí i. Mo mọ̀ pé a kì í ṣí i, ṣùgbọ́n bàbá mi ni. Ẹ jẹ́ kí n wo bó ṣe ṣe é, ó ṣeé ṣe kó ti sọ fún mi kí n má gbọ́." Ẹ̀rù bà mí. Bó bá ṣí i, iṣẹ́ mi ni yóò rí. Nígbà náà ni mo ṣe èyí tó burú jù. Mo ní, "Má ṣí i. Bàbá rẹ sọ ọ́ fún mi kó tó kú. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí o mọ̀, pé ọwọ́ rẹ kò lè pé fún un láé." Irọ́ ni, látòkè délẹ̀. Bàbá náà kò bá mi sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ láyé rẹ̀.

Kò bú mi. Ó gbé Atìkànga kalẹ̀, ó to okùn rẹ̀ kí ó má lọ́. Lọ́jọ́ kejì ó kó gbogbo ọ̀bẹ àti irin ìgbẹ́gi bàbá rẹ̀ wá fún mi nínú àpò. "Ẹ gbà á, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ló fọkàn tán." Mo gbà á! Mo pọ́n wọn, mo fi wọ́n ṣiṣẹ́, mo gbayì. Òun lọ ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì, kò sì tún fọwọ́ kan igi láti ìgbà náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ pè é. Ó dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun létí, ewú ti gba orí rẹ̀. Ọ̀gá náà wà níbẹ̀. Mo tú ìborí Atìkànga, mo la orí rẹ̀ lójú wọn, mo ní, "Wo awọ yìí. Wo ojú rírán yìí. Ọwọ́ mi ni. Bàbá rẹ kò mọ̀ ọ́n." Ọ̀gá figbe bọnu. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kò wo ojú mi. Ó fi ìka kékeré ti òjé náà, ojú sì rọra pa dé. Ó tún tì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ìkọ́ yìí ńkọ́?" Mo ṣàlàyé ìkọ́ fún un. Ó wá yí ìdajì orí náà padà, ó fọwọ́ ra ibi tí ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ gbà kọjá, ó pẹ́ níbẹ̀. "Ó gbẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ báyìí kó má baà wúwo lọ́wọ́ mi," ló wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Kò wá fi nǹkan kan pamọ́ fún mi?" Mo ní, "Rárá, àbúrò mi. Gbogbo ohun tó mọ̀ ló kọ́ ọ." Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, àìsàn ọkàn ń ṣe yín." Ó gba àpò ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó jáde. Kò tíì dárí jì mí, n kò sì fi ìkánjú bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nílé wa, ẹ má torí tèmi bẹ̀rù ìtàn àtijọ́. Ẹ bi í léèrè ohun tí ẹnì kankan kò bi í rí, ẹ yí i padà bó bá dáhùn, kódà bó jẹ́ ìpéǹpéjú tèmi lẹ máa yọ sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé ẹ̀yin ni. Ẹ má gbé e ru òkú, nítorí ẹni tí òkú náà bí ni yóò bá a rù ú. Ẹ̀yin tí ẹ sì pè é ní Ọwọ́-Òkúta pẹ̀lú mi, ilé búrẹ́dì náà kò jìnnà. Ẹ bá mi lọ síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì bẹ̀ ẹ́ fún mi. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì yàtọ̀ sí òpùrọ́, pé bàbá rẹ̀ fọkàn tán an.