Ìdá Kan Nínú Mẹ́rin

Nígbà tí ogun Ìjàyè ń jà, ní ẹkù epo kan lójú ọ̀nà Akanran, mo gbọ́ tí obìnrin méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ń jiyàn lórí epo tí wọ́n jọ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n ló ni ẹyìn. Ó ní, "N ó fún ọ ní ìdá kan nínú mẹ́ta."

"Nínú mẹ́ta kẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi, ìkómọ ọmọ-ọmọ mi ni mo fẹ́ fi ṣe. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni mo máa gbà. Ṣebí mẹ́rin ju mẹ́ta lọ!"

Ẹ̀gbọ́n kò bá a jà. Ó mú iṣu sísun méjì tó dọ́gba, ó gé ọ̀kan sí mẹ́ta, ó gé èkejì sí mẹ́rin. "Ebi ń pa ọ́. Mú ẹyọ kan níbi tó bá wù ọ́."

Ọwọ́ àbúrò lọ síbi mẹ́rin, ó dúró díẹ̀, ó sì yà síbi mẹ́ta.

"O rí i? Bí ẹnu bá ṣe ń pọ̀ sí i ni òkèlè ń kéré sí i."

Gbólóhùn yẹn ni n kò gbàgbé. Àbúrò jẹ iṣu rẹ̀ tán, ó ní, "Ó ti yé mi wàyí. Ẹ jẹ́ ká pín epo náà sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kí n gba ìdá kan."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ló bá bu ìdajì epo fún un.