Nọ́ńbà Bọ́ọ̀sì Ọkọ Domitila

Ẹ̀yin ọmọ Domitila, àti ẹ̀yin ọmọ tèmi náà, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí. Èmi Eudocia ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá wọ́, ẹ má bínú, ìwé kejì ni mo kà kúrò nílé ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́sàn-án, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá tiẹ̀ jẹ lọ́tìrì, ìrẹsì jíjóná ìdí ìkòkò náà ni màá ṣì máa họ jẹ. Òótọ́ lẹ sọ. Mo jẹ ẹ́. Ìdí ìkòkò náà ni mo sì ń họ jẹ.

Ẹ mọ irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná Domitila, tí wọ́n kọ 4716 sí. Nọ́ńbà bọ́ọ̀sì ọkọ rẹ̀, Crescencio, ni. Nígbà tí bọ́ọ̀sì náà já sódò tó sì gbé ọkùnrin náà lọ, irin yẹn ló kù. Ní Panama níbí, a kì í jẹ́ kí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sùn lásán. Bí ọkọ̀ bá forí sọ igi, kí wọ́n tó gbé àwọn tó fara pa, ẹnìkan á ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sátẹ́lẹwọ́, kó lè rà á ní lọ́tìrì. Domitila ní ká máa ra nọ́ńbà ọkọ òun ní lọ́tìrì, kí òun mú ìdajì owó wá, kí n mú ìdajì. Ọdún mọ́kànlá la fi rà á. Èmi ni mo máa ń lọ gbà á lọ́wọ́ Nieves, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mò ń wí yìí, mo ń darí bọ̀ wálé, mo gbọ́ ọ nínú rédíò onígbàjámọ̀. 4716. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ Domitila, mo ti di olè. Títí dòní, ẹnu ń yà mí bí ọ̀nà yẹn ṣe kúrú tó. Ó ti ń sáré bọ̀ wá pàdé mi, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Èmi ni mo gbé àkọ́bí rẹ̀ nígbà ìsàmì, kòmáre ló ń pè mí, kòmáre lèmi náà ń pè é. Ó ní, "Kòmáre, kòmáre mi, Crescencio ti dá wa lóhùn." Mo wò ó lójú. Mo ní, "Mi ò rà á." Ó ní, "Kí lo wí?" Mo ní, "Mo rò ó pé ọdún mọ́kànlá la ti ń da owó sómi. Mo ní ká sinmi lọ́sẹ̀ yìí. Ìdajì tìẹ rèé." Mo fi owó ẹyọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, tíkẹ́ẹ̀tì sì wà nínú kọ́mú mi.

Ó gbà mí gbọ́. Gbogbo abúlé ló gbà mí gbọ́. Ta ni kò mọ Eudocia, tó ń se kọfí kan náà lẹ́ẹ̀mẹta? Domitila jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àgbàlá mi, ó ní, "Kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún ahun? Ẹnìkan ò lè bọ́ igbá kúrò lẹ́yìn ẹ̀." Ọjọ́ kẹrin, òun ló gbọ́bẹ̀ wá, òun tí mo jà lólè ló wá ń tù mí nínú.

Nieves nìkan ló mọ̀. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá jẹ á fún ẹni tó tà á ní nǹkan. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, "Màmá, àbí ẹ ti gbàgbé mi ni?" Mo fa ẹlẹ́dẹ̀ mi kan ṣoṣo lé e lọ́wọ́. Ó wo ẹlẹ́dẹ̀, ó wò mí. "Ẹlẹ́dẹ̀ yìí ò ní sọ̀rọ̀, Màmá. Èmi náà ò ní sọ." Kò sì sọ ọ́ títí tó fi kú. Àwọn ará abúlé ní ayé ti fẹ́ parẹ́, Eudocia fún èèyàn lẹ́lẹ́dẹ̀.

Mo lọ gba owó náà ní olú ìlú, mo kó o sí báńkì. Mo rò pé n óò máa ná an díẹ̀díẹ̀. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Bí mo bá pààrọ̀ páànù orí ilé, Domitila á béèrè. Bàtà dúdú kan tó ń dán ni mo rà. Màá tilẹ̀kùn, màá wọ̀ ọ́ lórí ibùsùn, màá na ẹsẹ̀, màá máa wò ó. Kò fara kan ilẹ̀ rí. Fádà sì ń fi mí wàásù pé, "Ẹ wo ìyá yìí, kì í náwó nínàákúnàá." Mo dorí kodò, wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Kí n tó lówó, ọgbọ́n ni mo fi ń ṣọ́ owó ná. Lẹ́yìn tí mo lówó, ẹ̀rù ni.

Èyí tó burú jù ló kù. Lọ́dún kẹrin, awọ funfun bo ẹyinjú Domitila. Ó wá bá mi, ó ní, "Kòmáre, dókítà ní wọ́n lè ká a kúrò. Àwọn ọmọ ń dáwó jọ, kò tó. Èyí tó bá wà lọ́wọ́ ẹ, ì báà kéré." Mo ní, "Níbo ni n óò ti rí i?" Ẹyin adìẹ mẹ́ta ni mo kó fún un. Ó fọwọ́ pa wọ́n lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "O gbìyànjú o, ìwọ tí ọwọ́ ẹ kì í ṣí." Ó dúpẹ́, ó ń fọ̀pá wá ọ̀nà lọ sílé. Ọdún márùn-ún ló fi wà nínú òkùnkùn. Wọ́n bí ọmọ-ọmọ méjì fún un, kò mọ ojú wọn. Ẹ má sọ pé àrùn ni. Èmi ni.

Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọkàn mi dá mi dùbúlẹ̀, dókítà ò sì fi pa mọ́ fún mi pé kò ní pẹ́. Domitila fọwọ́ tọ ọgbà wá, ó gbé omi ọbẹ̀ adìẹ wá. Ó ń fọwọ́ wá ẹnu mi kó tó lè ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Ó dà sí mi lọ́rùn. Ó ní, "Má bínú, mi ò rí ẹnu ẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó ṣẹ́ kù?" Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ ló wà, àfi owó bàtà kan." Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rín ni, ẹkún sì wà níbẹ̀. "Ahun. Olè gan-an o ò mọ̀ ọ́n jà. Ká ní àbúrò mi ọ̀mùtí ló jí i ni, ì bá ti mu ún tán." Mo ní kó dárí jì mí. Ẹ̀rín náà dá. "Rárá. Kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n ká awọ ojú mi. Mo fẹ́ máa wo ojú ẹ nígbà tí mo bá ń rò ó."

Ìdajì tirẹ̀ nínú owó náà ti dọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìdajì tèmi, kí n máa ná an lójú òun, ìyẹn ni ìyà mi. Mo ra fáànù. Bí ẹnìkan bá ti dìde nínú yàrá, mo ti pa á, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ṣí ojú ọ̀tún rẹ̀. Ó dá wá lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó fa àga sún mọ́ mi, ó wò mí títí. "O ti gbó, kòmáre. Owó tó o jí, o ò tiẹ̀ fi ra ìpara." Mo ní, "Ṣé o ti rò ó?" Ó ní, "Ojú kan ni wọ́n ṣí. Ìdajì ẹ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún yín pé kówó má yí yín padà. Ẹ wò ó dáadáa. Èmi ni owó ò yí padà, ọ̀rẹ́ mi sì fọ́jú. Ẹ̀yin ọmọ Domitila, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ má tíì dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí ìyá yín kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ṣí ojú òsì, Ọjọ́rú ló máa wá fi ojú méjèèjì wò mí. Mo ti bẹ dókítà kó fún ọkàn mi yìí ní nǹkan tó máa gbé e dé Ọjọ́rú.