Èmi Ni Mo Gbé Ẹja Pupa Wọ Odò Yewa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, yálà ọkọ mi tàbí pásítọ̀ wa. Mo rò pé bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, màá gbàgbé rẹ̀. Ìbéèrè kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí lóṣù tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ẹja àti ẹran ìgbẹ́ ní yunifásítì kan ní agbègbè Yewa. Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. A kò pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá wa wà, dókítà ni, kì í ṣe ti ìṣègùn. Èmi ni mò ń tọ́jú àwọn kòtò ẹja. Bàbá kan sì wà tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ sórí odò. Bàbá Láwàní ni màá máa pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Òun ni olórí àwọn apẹja abúlé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ ẹja tí mo mọ̀ lónìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí n tó rí i nínú ìwé.

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa, iṣẹ́ wa dín kù. Ṣọ́jà wà káàkiri, wọn kò fẹ́ rí ọkọ̀ kankan lórí omi. Ọ̀gá ní kí a ṣe sùúrù ná. Abẹ́òkúta ló ń gbé, ó wá di pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la ń rí i.

Àkókò yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ. Ìlárá ni wọ́n ti bí wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìlárá mọ̀ pé ààlà la ìlú náà já. Ọmọ ìyá kan wà níhìn-ín, èkejì wà lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ọ̀hún ni ẹ̀gbọ́n mi lọ́kọ sí. Mo gba ọ̀nà oko lọ kí i.

Ẹ̀yìn ilé ọkọ rẹ̀ ni mo ti rí wọn. Ó ń sin ẹja nínú táǹkì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ. Ẹpìyà ni, n kò lè ṣì í mọ̀, àmọ́ wọ́n pọ́n bí ẹyìn. Ẹpìyà odò wa dúdú. Mo jókòó ti táǹkì náà títí wọ́n fi pè mí wá jẹun. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bi ara mi: bí pupa yìí bá bá dúdú tiwa bímọ, àwọ̀ wo lọmọ wọn máa ní?

Mo tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ wo nǹkan kan ni."

Ó fún mi ní mẹ́sàn-án. Kò sí èyí tó ju ìka ọwọ́ mi lọ. Mo kó wọn sínú kẹ́ẹ̀gì omi. Lójú ọ̀nà, aṣọ́bodè kan dá ọ̀kadà wa dúró, ó bi mí bóyá òróró ni mo gbé. Mo ní omi ni. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí a máa lọ.

Mo mọ̀ pé kò yẹ. Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún wa pé a kì í ṣàdédé gbé ẹja láti omi kan sí omi mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ ba nǹkan jẹ́.

Kòtò kan wà lẹ́yìn ọgbà wa tí a kò lò mọ́. Mo da wọ́n síbẹ̀, mo fi ẹpìyà odò kún wọn, mo fi àwọ̀n bo ojú rẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń lọ wò. Ẹnu ni ìyá ẹpìyà máa ń kó ọmọ rẹ̀ sí títí wọ́n á fi lè dá lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí ti àwọn wọ̀nyí jáde, mo gbọ́n díẹ̀ sínú abọ́ funfun. Àwọn kan pupa, àwọn kan dúdú, àwọn kan sì rí kàlákìnní. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kan tí mo fi pamọ́. Ẹ̀rín ń pa mí, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ fún.

Lẹ́yìn náà ni òjò ńlá kan rọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kòtò ti kún kọjá ẹnu, àwọ̀n ti wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi ti gba gọ́tà lọ sínú odò kékeré tó ń ṣàn wọ Yewa. Ẹja tó kù kò ju mẹ́fà lọ. Mo kó wọn, mo yan wọ́n, mo jẹ wọ́n. Mo pa ẹnu mọ́.

Bàbá Láwàní fúnra rẹ̀ ló gbé àkọ́kọ́ wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, nínú agbọ̀n, tẹ̀rín tẹ̀rín.

"Ẹ wá wo ohun tí odò bí," ó ní.

Ojú Ọ̀gá yí padà. Ó ní ẹja àjèjì ni, ẹnìkan ló gbé e wá láti òdìkejì. Ó bi Bàbá níbi tó ti ń ra àwọ̀n rẹ̀. Bàbá ò purọ́. Ó ní òdìkejì ni, pé òun ṣì ń yọ́ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti bọ́dà.

Nígbà tí Bàbá lọ tán, Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ṣé o rò pé òun ni?"

Mo ní, "Ó ṣeé ṣe, sà."

Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi wà nínú gbólóhùn yẹn. Ẹ̀rù aṣọ́bodè ń bà mí, ẹ̀rù iṣẹ́ mi sì ń bà mí. Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìròyìn pé apẹja kan ló gbé e wọlé. Wọ́n ní kí Bàbá má gbé wa lórí odò mọ́. Ní abúlé rẹ̀, wọ́n ní ẹja pupa ń lé ẹpìyà àwọn lọ, wọ́n sì gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa ẹja náà, èmi gan-an kò tíì mọ̀ di òní. Mo ṣì ń kà wọ́n nínú àwọ̀n.

Lóṣù tó kọjá, mo ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun yí ká ọgbà. Mo fi ẹja pupa hàn wọ́n, mo tún sọ ìtàn kan náà, pé apẹja kan ló gbé e wá. Ọmọbìnrin kan nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹnikẹ́ni bi wọ́n rí, ìdí tí wọ́n fi ṣe é? Bàbá mi àgbà ni apẹja yẹn."

Kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀. Mo ní n kò mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ sí abúlé Bàbá láti lọ jẹ́wọ́. Ó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ àtíbàbà. Ó ti gbó gan-an. Kí n tó lanu, ó ní òun ti ń retí ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ wa.

"Mo ti rò ó títí," ó ní. "Ó lè jẹ́ inú omi tó máa ń wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ mi ni wọ́n wà. Tí mo bá ti òdìkejì dé, ibí ni mo ti máa ń gbọ́n ọn dànù. Èmi náà ni, ọmọ mi. Ẹ bá mi bẹ Ọ̀gá. Ẹ sọ fún un pé n kò mọ̀ọ́mọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. N kò jẹ́wọ́ mọ́. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá," mo dìde, mo sì lọ sílé.

Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé màá sọ ọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi lè lọ sí i. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ níwájú àgbàlagbà tó ti gba ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́ra, tó tún ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ lọ, àbí ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, àbí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yẹn? Ẹ̀yin tí ẹ ti tọrọ irú àforíjì báyìí rí, ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn wo lẹ kọ́kọ́ sọ?