Gbólóhùn Tí Mo Fò Nínú Ìwé Ẹ́ńjìnnì

Wọ́n ní ọtí ni... wọ́n ní láti àárọ̀ ló ti ń... Ẹnìkan ní òun rí ìgò lábẹ́ ìjókòó, ẹlòmíì ní kì í ṣe ìgò kan o, pé... "Ẹ má fi ẹnu mi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ṣé ẹni tójú ẹ̀ dá á máa wa ọkọ̀ lọ bá òpó afárá?" Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ṣe ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu ní èbúté wa láti oṣù mẹ́ta, mo ń gbọ́, mo sì ń dákẹ́. Lọ́la ni ẹgbẹ́ atukọ̀ fẹ́ jókòó láti yọ orúkọ Bàbá Atukọ̀ kúrò, kó má fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́ títí ayé. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ dákun, ẹ ka ìwé yìí kí ẹ tó jókòó. Ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀ láwùjọ, ẹ̀yin náà mọ̀, Adákẹ́ lẹ ń pè mí. Bàbá Atukọ̀ ò mutí. Èmi ni mo pa Aránṣọ.

Bàbá mi ló ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ní ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ èbúté. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bó bá fetí lé ẹ́ńjìnnì, á sọ ibi tó ń dùn ún. Èmi náà ò jókòó ní kíláàsì rí. Ìyá mi ló kọ́ mi nídìí tábìlì ìdáná. Nígbà tí Bàbá Atukọ̀, ọ̀rẹ́ bàbá mi láti kékeré, ra ẹ́ńjìnnì tuntun, èmi ni wọ́n ní kí n máa ka ìwé rẹ̀ sókè, kí bàbá mi máa ṣe é bí mo ṣe ń kà á. Èrò èbúté pé lé wa lórí. "Ẹ wo ọmọ mi!" ni bàbá mi ń wí. "Ilé ló ti kàwé o, ẹ ò rí i bó ṣe ń dà á bí omi?" Orí mi wú. A wá kan ibi tí wọ́n ti ń fi gíríìsì sí ihò tí ọ̀pá sítíárì ń gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí rí. Ìlà pupa ni wọ́n fà yí i ká, àfi bíi pé wọ́n mọ̀ pé òmùgọ̀ kan ń bọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbà ni mo jókòó sí tí mo ti gbọ́ ọ, mi ò sì béèrè. Mo fo gbólóhùn náà. "Ó ku kí ni?" ni bàbá mi bi mí. Mo ní, "Ó tán, Bàbá."

Ní ìrọ̀lẹ́ mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè ìyá mi. Ohun tí gbólóhùn tí mo fò wí ni pé kí a kọ́kọ́ yí sítíárì títí ọ̀pá náà á fi wọlé tán kí a tó fi gíríìsì sí i. Bó bá wà níta, gíríìsì á há sínú ihò, sítíárì á máa le, ó sì lè gan pátápátá lójú omi. Níta ni ọ̀pá náà wà nígbà tí bàbá mi ń fi gíríìsì sí i. Ojú mi ló ṣe. Bàbá mi wà ní yàrá kejì, mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyìn àárọ̀ yẹn ṣì ń dùn létí mi. Mo ní ó di ọ̀la.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi ti lọ ra bẹ́líìtì nígbà tí Bàbá Atukọ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀dì wá, tó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Adákẹ́, bàbá rẹ dà? Sítíárì yìí le o. Bí mo bá yí i sósì, ṣe ló ń bá mi fà á bí àna tí wọn ò kí." Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò lè rín in. Ó ní, "Kó wá bá mi wò ó. Mo lè dúró dè é, kò sóhun tó ń lé mi." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà: ó lóun lè dúró. Mo la ẹnu tí kì í sọ̀rọ̀ yìí, mo pa irọ́, mo sì fi irọ́ náà sẹ́nu bàbá mi. Ó dúpẹ́, ó lọ. Nínú èrò tó wọ ọkọ̀ rẹ̀, Aránṣọ ló wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, ó gbé àpò aṣọ iléèwé lé itan. Ó pè mí látinú ọkọ̀ pé, "Wá wọn aṣọ rẹ wò lọ́la o, ó ku bọ́tìnnì!" Nígbà tí wọ́n dé ìdí afárá tó yẹ kí ọkọ̀ yà, kò yà. Wọ́n fa èèyàn márùn-ún jáde. Aránṣọ ò sí níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rì, nítorí náà kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá mi ò sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Aránṣọ, mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ń yìn, bí ẹ ò bá mọ nǹkan, ẹ ní ẹ ò mọ̀. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni. Aṣọ tó ku bọ́tìnnì yẹn ṣì wà lọ́rùn ìkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Lánàá, mo fa bàbá mi lọ́wọ́ lọ sílé Bàbá Atukọ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbólóhùn tí mo fò. Mi ò tíì jẹ́wọ́ irọ́ tí mo fi sẹ́nu bàbá mi tí ẹkún fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Bàbá mi yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Wọ́n ń pè ọ́ ní ọ̀mùtí, èmi náà ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí o dákẹ́?"

"Aránṣọ ti lọ," ni Bàbá Atukọ̀ wí. "Bí mo bá ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ló pa á, ta ló tún máa gbé ẹ́ńjìnnì wá fún ọ? Mo ṣáà gba ohun tí o ní kí wọ́n sọ fún mi gbọ́."

"Èmi kẹ̀? Kí ni mo ní kí wọ́n sọ?"

Ó wò mí. Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ohùn mi tó kéré:

"'Bàbá mi ní kẹ́ ẹ má dúró. Ó ní tuntun ni, á rọ̀ fúnra rẹ̀.'"