Bí Mo Ṣe Ń Gbé Báàgì Mi Sílẹ̀

Rárá, Nọ́ọ̀sì, ẹ má tíì di nǹkan yẹn mọ́ mi lápá, ẹ jẹ́ n sọ tinú mi ná, torí ẹ̀yin lẹ fà mí sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ò ju àbúrò mi ìkẹyìn lọ, iṣẹ́ yín ni mò ń bọ̀wọ̀ fún tí mi ò fi pariwo. Ṣé mo ń pariwo ni? Ẹ ò rí i báyìí, ohùn mi nìyẹn. Ohùn mi gan-an lẹjọ́ tí mo gbé wá.

Ṣé ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi lóṣù tó kọjá, lórí àga yìí náà? Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ẹ ní oògùn nìkan ò lè ṣe é, àfi kí n dín másùnmáwo kù. Mo ní báwo? Ẹ ní tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, kí n má kàn já wọlé, kí n jókòó síta fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí n máa mí sínú, kí n máa mí síta, kí n fi wàhálà iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn létí. Mo sì ṣe é bí ọmọ dáadáa.

Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ mi. Yàrá ìránṣọ ni, ogójì ẹ̀rọ ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ ilé-ìwé là ń rán, èmi ni alábòójútó wọn láti ọdún mọ́kànlá. Ẹni tó bá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ló máa gbé e mì. Tí ọrùn aṣọ kan bá wọ́, mo gbọ́dọ̀ ké dé ìlà tó kẹ́yìn kí wọ́n tó rán ogún irú ẹ̀ sí i. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Ọlọ́run rí mi, mi ò bú ẹnikẹ́ni.

Mo bá jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé wa, lábẹ́ fèrèsé kíṣìnnì, báàgì mi lórí itan. Mò ń mí sínú, mò ń mí síta. Kí ni mo gbọ́? Ẹ̀rín. Nínú ilé tèmi. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ọkọ mi tó jẹ́ pé tí mo bá ti wà nílé, "ó dáa" àti "mo ti gbọ́" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀. Àkọ́bí mi obìnrin ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó ń ṣe bí ẹnì kan. "Ta ló fi ṣíbí sínú fìríìjì? Ṣé ooru ń mú ṣíbí ni?" Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa èmi náà, àfi ìgbà tí mo rántí pé èmi ni mo sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ṣé mo bínú? Kí n má purọ́ fún yín, mo bínú. Mo ti dìde, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà yẹn ni àbíkẹ́yìn mi béèrè, ọmọ ọdún mẹ́fà o, ó ní, "Bàbá, ṣé inú màmá máa dùn lónìí?" Ẹ mọ ohun tí bàbá ẹ̀ fi dá a lóhùn? Ó ní, "A ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe máa gbé báàgì ẹ̀ sílẹ̀."

Báàgì mi, Nọ́ọ̀sì. Báàgì tí mo fi ń gbé abọ́ oúnjẹ àti àlùmọ́gàjí. Wọ́n ń fetí sí i bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run. Tó bá ró gbì, kálukú á wábi gbà. Tó bá rọra balẹ̀, wọ́n lè tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi. Ta ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ẹ̀ nínú wọn, tó wá kọ́ àwọn yòókù? Èmi tí mo ń fi yangàn níbi iṣẹ́ pé ariwo ò sí nílé mi, pé mo tọ́ wọn dáadáa. Wọ́n ní ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ti ń fọ́ láti ọdún mọ́kànlá, àwọn ará ilé mi ló ń gbá èéfọ́ ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ojú tì mí. Ká ní ilẹ̀ lanu níbẹ̀ ni, mi ò bá wọ inú ẹ̀ lọ, tèmi ti báàgì mi.

Ẹ má fọwọ́ pa mí lẹ́yìn jọ̀ọ́, àánú kọ́ ni mo wá gbà. Mo wọlé lọ́jọ́ yẹn, mo gbé báàgì náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kò tiẹ̀ dún rárá. Gbogbo wọn dìde. Ọkọ mi sáré gbé àga fún mi. Àkọ́bí ní, "Màmá, kí ló dé? Ta ló kú?" Ẹ wo ayé mi, ìdákẹ́jẹ́ mi tún bà wọ́n lẹ́rù ju ariwo mi lọ.

Látọjọ́ náà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yín di ọgbọ̀n, ọgbọ̀n di wákàtí kan gbáko. Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ ti pọ̀ sí i. Irọ́ ni, orí àtẹ̀gùn ni mo wà, mò ń gbọ́ wọn. Àkọ́bí mi ń kọrin, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lóhùn. Ọkọ mi sọ fún wọn lánàá pé nígbà tóun ń fẹ́ mi, tí mo bá rẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé kejì á yọjú wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àbíkẹ́yìn ní irọ́ ni bàbá ń pa. Ibẹ̀ ni aládùúgbò wa tó ń gbé lókè bá mi, ó ní ṣé mo sọ kọ́kọ́rọ́ nù ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi.

Ó yá, apá mi rè é, ẹ dì í. Ẹ máa fún un.

Kí ló wí? Ó wálẹ̀? Ẹ tún un wò. Ó wálẹ̀ kẹ̀. Ẹ̀ ń kí mi kú oríire? Ẹ ní kí n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé bírò yẹn sílẹ̀, ẹ má kọ nǹkan kan. Mi ò ní kúrò lórí àga yìí lónìí, kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi máa bínú lọ. Ẹ ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jókòó síta, mo sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọlé.