Ọṣẹ Tí Mi Ò Fi Bọ́jú

Bàbá Bámgbóṣé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má tíì gbé abọ́ omi yẹn sún mọ́ mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin mọ́gàjí wa lẹ pe gbogbo agboolé jọ, mo sì mọ̀ pé òní lẹ fẹ́ gbé mi jókòó sórí àpótí ìjókòó màmá mi tó ti dolóògbé, kí n di Ìyá Ọlọ́ṣẹ ilé yìí. Àpótí yẹn ò gbà mí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti jẹ mí tán, bí mi ò bá sì sọ ọ́ lónìí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láéláé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó bú mi. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ yé rẹ́rìn-ín, mi ò mutí.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí ìgboro lè má mọ òfin ilé yìí. Èèpo kòkó ni màmá mi, Ọ̀ṣuntóyìn, máa ń jó. Wọ́n á sẹ́ omi eérú rẹ̀, wọ́n á fi àdín sè é, wọ́n á máa rò ó títí á fi dúdú. Gbogbo ará Erúnmu, ìlú wa yìí, ló ń rà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n a kì í ta ti ọmọ tuntun. Abiyamọ tó bá gbé abọ́ wá, Mùsùlùmí ni o, onígbàgbọ́ ni o, ọ̀fẹ́ ni wọ́n á bù ú fún un. Òfin kejì ni pé ẹni tó bá se ọṣẹ ni yóò kọ́kọ́ fi bọ́jú ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Màmá mi máa ń sọ pé, "Bó bá máa bó ojú ẹnì kan, kó kọ́kọ́ bó tèmi." Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ìkòkò kalẹ̀ ni wọ́n máa ń bi mí pé, "Wùnmí, ṣé o ti fi bọ́jú?"

Èmi ni mo gbé ọṣẹ yìí kúrò ní Erúnmu. Mi ò ní purọ́, inú màmá mi dùn sí i nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Múyì, ọmọ àǹtí mi tó ń gbé Ajíbọ́dé nítòsí yunifásítì, ló fi fóònù ya fọ́tò màmá mi, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páálí ọṣẹ, tó ń ta ọṣẹ náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ yunifásítì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè wá láti Èkó, tí wọ́n ń pè wá láti òkè òkun. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo màmá mi bí ẹni tó ń fà mí sẹ́yìn. Eérú ò ṣe é kánjú, omi rẹ̀ á máa kán díẹ̀díẹ̀, àwọn oníbàárà á máa pariwo létí mi. Ni Múyì bá gbé kọ́sítíìkì dé, kẹ́míkà funfun tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ìfọṣọ. Ó ní, "Àǹtí Wùnmí, ta ló máa mọ̀? Ẹ lọ èédú sí i, á dúdú. Fọ́tò Màmá yẹn ṣáà ni wọ́n ń rà." Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀kánjúwà, baba àrùn! Ẹ̀yìn àká kòkó tó ti wó ni mo ti ń sè é, níbi tí orúnkún màmá mi ò lè gbé wọn dé. Kí n tó wọlé, mo ti fi omi lásán rẹ ojú mi. Bí wọ́n bá bèèrè, mo ní, "Mo ti fi bọ́jú, Màmá." Irọ́ ni. Mi ò jẹ́ fi ọṣẹ yẹn kan ojú mi láéláé.

Nimotallahi, ìwọ tó o jókòó sẹ́bàá ògiri yẹn, ọjọ́ tó o gbé abọ́ wá fún ọmọ rẹ tuntun, kò sí ọṣẹ gidi kankan nílẹ̀. Mo ti ta tàwọn ọmọ tuntun mọ́ ọn. Mo tà á! Ojú tì mí láti sọ pé kò sí, mo bá bù fún ọ nínú èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìkánjú sè, mo tún wá ń ṣàdúrà fún ọ pé Ọlọ́hun á wò ó. Nígbà tó o fi wẹ̀ ẹ́, àyà ọmọ bó. Bẹ́ ẹ ṣe ya wọ ilé wa nìyẹn, ìwọ, ọkọ rẹ àti gbogbo àdúgbò, pẹ̀lú ọṣẹ náà nínú ọ̀rá.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ ní, "Ìyá Wùnmí, ṣé ọṣẹ yín nìyí?" Màmá mi ní kí wọ́n bu omi wá, pé ojú òun ni yóò jẹ́rìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Ọkàn Màmá balẹ̀, torí wọn ò tíì fọwọ́ kan ọṣẹ náà. Múyì fi ìgbúnwọ́ gún mi. "Àǹtí, ẹ má sọ nǹkan kan o. Àwọn ará Èkó tó fẹ́ máa kó ọjà wa ń bọ̀ lọ́la." Màmá mi bọwọ́ sínú omi, wọ́n ra ọṣẹ náà láàárín àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ wọn dúró. Ẹni tó ti ń se ọṣẹ láti ìgbà ọmọge, ṣé wọn ò ní mọ̀ ni? Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí, wọn ò wo ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, gbogbo ilé á mọ̀ pé èmi ni. Mo lè sọ pé, "Màmá, ẹ má fi bọ́jú." Gbólóhùn kan péré! Èmi ọmọ burúkú, mo panu mọ́. Màmá mi fi ọṣẹ yẹn bọ́jú, wọ́n fi ra ìpéǹpéjú, wọ́n ra á dáadáa. Wọn ò ké. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ló ṣì í. Ọjọ́ orí ni. Ẹ bá mi bẹ ọlọ́mọ." Nígbà tá a fi máa gbé wọn dé ọsíbítù nígboro, ojú ti lọ.

Àwọn ará Èkó dé lọ́jọ́ kejì lóòótọ́. Mo gbà wọ́n lálejò. Wọ́n bèèrè ìyá tó ń se ọṣẹ, mo ní wọ́n lọ sóko, mo na páálí sí wọn, wọ́n ń wo fọ́tò màmá mi, ojú méjèèjì là sílẹ̀ kedere. Ọjà náà tà. Ó tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Màmá mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni. "Ṣé o ti fi bọ́jú?" yẹn náà ni wọ́n ṣì ń bi mí lórí àga wọn, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí wọn ò ti ríran mọ́, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á fi kan ojú mi bóyá ó tutù. Èmi náà á sì ti lọ fomi rẹ ẹ́. Ẹ gbọ́ ìwà ìkà? Mo ń tan afọ́jú jẹ, èmi tí mo fọ́ ọ lójú! Lọ́jọ́ tí mo rí wọn gbẹ̀yìn láàyè, wọn ò bèèrè. Wọ́n kàn na ọwọ́. Mi ò tilẹ̀ fomi rẹ ojú lọ́jọ́ yẹn, mo ti rò pé wọn ò mọ nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ wọn wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ó gbẹ." Wọ́n yíjú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi kú.

Ọṣẹ tẹ́ ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ yẹn, Bàbá, tẹ́ ẹ ní kí n sè, kí n sì fi bọ́jú lójú gbogbo yín lónìí, mo kọ́kọ́ jó èèpo kòkó, mo sẹ́ omi rẹ̀, mo rò ó títí apá mi fi kú. Kò dì. Mo tún un ṣe, kò dì. Mo bá tún bu kọ́sítíìkì sí i. Èmi nìkan ni wọ́n kọ́, mo sì ti gbàgbé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sè mọ́ nílé yìí.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣòwò, ẹ tà á dé ibi tó bá dé, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fún ẹlòmíràn ní ohun tí ẹ̀yin ò jẹ́ fi kan ojú ara yín. Nimọ, èpè tó o ṣẹ́ fún màmá mi lọ́jọ́ tí àyà ọmọ rẹ bó, èmi ló ni ín. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ṣàmín sí i nítorí mi. Wo orúnkún mi nílẹ̀, dárí jì mí bó o bá lè. Bàbá, ẹ bá mi da omi yẹn nù, kẹ́ ẹ sì gbẹ́ ilẹ̀ bo ọṣẹ náà mọ́lẹ̀ níbi tí ọmọdé ò ti ní tẹ̀ ẹ́.