Káàdì Oníhò

Nínú ọkọ̀ Ìbàdàn tí kò tíì kún ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti gbọ́ bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí páálí kan tó kún fún káàdì, láyé ìgbà tí káàdì oníhò ni wọ́n fi ń fún kọ̀ǹpútà níṣẹ́.

"Bàbá, ta ló tú káàdì mi?"

"Èmi ni. Mo bá ọ tò wọ́n ni. Àwọn tí ihò pọ̀ lára wọn, mo kó wọn sísàlẹ̀, kí ojú má baà tì ọ́ níwájú ọ̀gá rẹ."

"Hàà! Ihò yẹn ni mo fi kọ ìṣirò mi! Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ni kọ̀ǹpútà fi ń kà wọ́n. Ọ̀la nìkan ni wọ́n fún mi láyè nídìí ẹ̀rọ yẹn. Bí mi ò bá mú èsì jáde, wọn ò ní gbà mí sí kíláàsì kọ̀ǹpútà mọ́."

"O ò wá kọ nọ́ńbà sí wọn lára?"

Ẹ̀rín tí mò ń fọwọ́ bò kú mọ́ mi lẹ́nu: ìbéèrè bàbá náà bọ́gbọ́n mu.

Ọmọ náà ní, "Àwọn ọmọ iléèwé tí mò ń kọ́ ní Ìjagun ní Sátidé, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ wọn nìyẹn. Èmi gan-an ni mi ò kọ ọ́."

Bàbá náà yọ káàdì kan, ó gbé e sókè sí oòrùn.

"Èyí ńkọ́? Ihò rẹ̀ mà dára o."

Ọmọ náà kò wò ó; ó ti tẹ orí ba páálí, ó ń wá káàdì àkọ́kọ́.